Èrùpẹ̀ Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Ivana

Ibùdó àwọn awakùsà, Bẹ́ljíọ̀mù
Ọjọ́ keje, oṣù Karùn-ún, 1961

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ aṣọ fífọ̀. Ẹ̀yìn ọ̀hún ńkọ́? Nello àbúrò mi ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń wa mọ́tò ẹrù ọ̀gá ẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé? Àwa náà wà. Òjò ibí yìí dúdú. Aṣọ tí mo bá fọ̀ tí mo sá síta, á dúdú ju bó ṣe wà kí n tó fọ̀ ọ́ lọ. Duilio ọkọ mi ń wọnú kòtò èédú láràárọ̀, á sì jáde bí ẹni tí wọ́n yọ nínú ààrò.

Màámi, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Mo lóyún. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n dá fún mi.

Mo mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí: ọmọ àdúgbò wo ni, ti Àkekèé wa tàbí ti Ọ̀pọ̀lọ́ wọn? Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Ẹ bá mi bu èrùpẹ̀ àdúgbò wa, ti ẹ̀gbẹ́ ìsun omi, ibi tí ẹ ti bu tèmi àti ti Nello, kí n lè tẹ́ ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí lórí èrùpẹ̀ Àkekèé, Àkekèé ni, ì báà jẹ́ àárín òkun ni wọ́n ti bí i. Ẹ má jẹ́ kí Duilio gbọ́. Ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ ni, ìyá ẹ̀ náà lè fi tiwọn ránṣẹ́. Tí tiwọn bá ṣáájú, mo gbé.

Ẹni tó máa gbé e wá ti wà. Màdáámù Godelieve, onílé wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ wá wo Toskana ní oṣù Kẹjọ. Ó ti kàwé nípa àwọn òkè wa, ìlú àtijọ́ wa, omi gbígbóná wa, títí ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ó gbọ́ èdè wa díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbà á sílé, kí Nello gbé e káàkiri. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bá a jà.

Ọmọ yín,
Ivana


Castelgrifo
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Karùn-ún

Ivana,

Mo kí ẹ. Mo kí ikùn ẹ. Ọkọ ẹ, mi ò kí i.

O lóyún! Inú mi dùn, inú mi bàjẹ́, mi ò mọ èyí tí màá fi sunkún. Gbogbo ọkùnrin tó wà ní Toskana, èyí tó ń súfèé lábẹ́ fèrèsé láti ìsàlẹ̀ àbàtà lo rí fẹ́. Bàbá ẹ tì ẹ́ mọ́lé, o gba òrùlé jáde. Wọ́n ní òtútù ló pa á. Irọ́ ni. Ìwọ lo pa á. Mo ti sọ ọ́ lójú ẹ, mo tún ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má bàa sọnù.

Èrùpẹ̀ ò ní wọ́n ẹ. Ọwọ́ mi ni màá fi bù ú, lówùúrọ̀ kùtù, kí ẹsẹ̀ ọ̀tá kankan tó kọjá níbẹ̀.

Kí màdáámù ẹ máa bọ̀. Ṣé ó lè jẹ búrẹ́dì wa tí kò níyọ̀? Tó bá ní kí n fi iyọ̀ sí i, ọ̀nà ni màá fi hàn án. Màá mú un lọ sí Volterra, níbi tí ọ̀gbun ti ń gbé ṣọ́ọ̀ṣì mì. Màá mú un lọ sí Lucca, kó rí àwọn ahun tó ń jẹ ọ̀sàn tòun tèèpo. Màá mú un lọ síbi omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n tó bá dárúkọ Pisa, a ti jà nìyẹn. Àwọn bàbá wa ò purọ́: ó sàn kí òkú wà nílé ju kí ará Pisa dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ.

Ìbéèrè mi rèé. Ọ̀sẹ̀ eré ẹṣin tí àwọn àdúgbò fi ń bára wọn díje ń bọ̀. Níbí, gbogbo ìyàwó tó fẹ́ ará àdúgbò mìíràn ló ń di ẹrù lọ sílé bàbá ẹ̀ títí eré á fi parí. Ìwọ tó wà lọ́hùn-ún, níbo lo máa sùn? Ṣé bẹ́ẹ̀dì Ọ̀pọ̀lọ́ náà lo máa dùbúlẹ̀ sí, kí o máa fetí gbọ́ bó ṣe ń dún?

Ìyá ẹ,
Argia


Bẹ́ljíọ̀mù
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Keje

Màámi,

Ẹ kú ooru. Mo rí ìwé yín. Èyí tí ẹ kọ nípa Bàámi, mo kà á, mo sun ún.

Ẹ bi mí ibi tí mo ń sùn. Yàrá kan la ní. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí àárín ẹ̀. Ààrò àti fèrèsé jẹ́ ti Àkekèé, ilẹ̀kùn àti bàtà jẹ́ ti Ọ̀pọ̀lọ́. Lọ́jọ́ Àìkú Duilio gbé àsíá aláwọ̀ ewé wọn kọ́ sórí ibi tí mo ti ń dáná. Mo ní, "Gbé e kúrò." Ó ní, "Kí ni Àkekèé fẹ́ ṣe? Ìgbà tí màmá ẹ ṣì léyín lẹ ti gba ẹ̀bùn eré yẹn gbẹ̀yìn." Mo fi ìdérí ìkòkò là á níwájú orí. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú ẹ̀. Kò fọwọ́ kàn mí, ògiri ló yíjú sí, ó gbá a títí ìka ẹ̀ fi bó. Lẹ́yìn náà ni mo fi omi gbígbóná nu orí fún un, òun náà fi aṣọ di ọwọ́ mi tí ìdérí gbígbóná yẹn jó. Bá a ṣe ń gbé nìyẹn.

Màdáámù máa gbéra níbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Ta ló máa gun ẹṣin wa lọ́dún yìí? Ẹ sọ fún Nello kó má fo ìdènà eré lọ bá wọn jà. Ó ní ẹnu, kò ní egungun.

Ivana


Castelgrifo
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹjọ

Ivana,

Fọwọ́ di ikùn ẹ mú kí o tó ka ìwé yìí.

Màdáámù ẹ dé láyọ̀. Èèyàn dáadáa ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn bíi ti lékeléke, fìlà koríko wà lórí ẹ̀, ó sì ń kí gbogbo ewúrẹ́ tó bá rí. Nello fi mọ́tò gbé wa kiri. Nígbà tó rí àwọn òkè amọ̀ tó pá bí orí àlùfáà wa, ó bú sẹ́kún, ó ní wọ́n rẹwà. Mo ní, "Màdáámù, ẹ wá fi ọkọ́ ro ó lóṣù Kejì, ká wo irú ẹkún tí ẹ máa sun." Ó wọnú omi tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́, kò fẹ́ jáde mọ́, ó pọ́n bí edé. Ní San Gimignano, ó bi mí ìdí tí ìlú kékeré bẹ́ẹ̀ fi kọ́ ilé gogoro tó pọ̀ tó yẹn. Mo ní kí wọ́n lè da epo gbígbóná sórí aládùúgbò wọn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ní Lucca, a rìn yí odi ìlú ká lábẹ́ igi. Áísìkiriìmù tí wọ́n tà fún wa kò tó èékánná. Mo ti sọ fún ẹ, ahun.

Ó wá ní òun fẹ́ rí ilé gogoro Pisa, èyí tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí. A dé ẹnubodè wọn. Mo ní kí Nello yí mọ́tò padà. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kó wò ó, kí lẹ máa pàdánù?" Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilẹ̀ yẹn láyé, ẹni tó bá bá mi jáde náà ò ní tẹ̀ ẹ́." A padà. Obìnrin náà ń wẹ̀yìn títí ọrùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Ayọ̀ parí síbẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ eré pé. Wọ́n da amọ̀ sí gbàgede, wọ́n tẹ́ ṣẹ́dà alàwòrán Màríà, ẹ̀bùn eré náà, sójú fèrèsé. Ẹṣin wa ló ń ṣáájú, Ivana! Títí dé ìyípo kẹta, àwa la wà níwájú! Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹlẹ́ṣin Ọ̀pọ̀lọ́ yọ kòbókò, ó nà án mọ́ ẹlẹ́ṣin wa lójú. Ó já bọ́. Ẹṣin méjì gba orí ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjá. Ibi tí mo wà, mo gbọ́ bó ṣe dún, bí ìgbà tí èèyàn dá igi ìdáná. Wọ́n gba ẹ̀bùn. Òfin gbà á, àwa náà ti nà wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò ṣàròyé ìyẹn.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ọ̀pọ̀lọ́ sójú wa. Nello fo ìdènà. Gbogbo wa fò ó. Mo fọ́ ọ̀kan nímú. Mo bu òmíràn jẹ létí, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣì ń rùn lẹ́nu mi. Màdáámù ẹ pàápàá fi agbòòrùn lu èèyàn, mi ò mọ̀ bóyá ará wa ló lù. Ibẹ̀ ni Oreste, àbúrò ọkọ ẹ, ti já kòbókò gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin wọn. Wọ́n ti ti Nello ṣubú. Orí eékún ló wà, Ivana. Orí eékún! Oreste dojú kòbókò dé, ó fi ìdí ẹ̀ tó le bí irin gún ọmọ mi lójú. Ojú òsì. Ó fọ́ bí èso àjàrà. Mo fi ìborùn mi gba ohun tó ń dà sílẹ̀, mo ń tì í padà bí òmùgọ̀.

Ìlú ìjà ni ìlú wa. Ẹ̀ṣẹ́ la fi ń dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wà lórí eékún, a kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Kò sí nínú ìwé òfin kankan, ọmọ ọdún márùn-ún sì mọ̀ ọ́n. Ọmọ Settimia, ìyá ọkọ ẹ, ò mọ̀ ọ́n. Ó ti sá. Ọlọ́pàá ń wá a.

Nello ò ní wa mọ́tò mọ́. Ọ̀gá ẹ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́. Ìborùn yẹn, mi ò fọ̀ ọ́. Èmi tí mò ń fọṣọ gbogbo ìlú, mi ò fọ̀ ọ́.

Màdáámù ń bọ̀ pẹ̀lú èrùpẹ̀ ẹ. Mi ò lè sìn ín, ilé ìwòsàn ni mo wà, ó dá lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Àpò ìyẹ̀fun àtijọ́ ni mo dì í sí, mo rán ẹnu ẹ̀. Tẹ́ ẹ. Tí o bá ti bímọ, kó ọmọ ẹ, kí o kúrò nílé àwọn apani yẹn.

Argia


Castelgrifo
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án

Ivana,

Ta ni mò ń kí? Ṣé èèyàn ló wà níbẹ̀ àbí ògiri? Mo kọ̀wé pé wọ́n fọ́ àbúrò ẹ lójú, o dákẹ́. Mo ní bóyá ìrọbí ti mú ẹ. Mo tan àbẹ́là fún ẹ. Àbẹ́là yẹn, mo kábàámọ̀ ẹ̀!

Lánàá, níbi ìfọṣọ, Settimia dé. Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀ ní ìhà tiwa, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní, "Argia, o kú iṣẹ́ o. Ìwọ náà bá mi dúpẹ́, ara ọmọ mi ti le."

Mo ní, "Ọmọ ẹ wo? Èyí tí ọlọ́pàá ń wá?"

Ó ní, "Oreste mi. Ó ní ọbẹ̀ búrẹ́dì Ivana dùn ju tèmi lọ. Àbí kò sọ fún ẹ? Ẹ̀gbẹ́ ààrò ọmọ ẹ ló ń sùn."

Mo fi pátákó ìfọṣọ gbá a lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sínú omi ọṣẹ. Ó ń fi wọ́n hàn kiri nínú aṣọ ìnujú bí ohun mímọ́. Ṣé kí n sọ òótọ́? Kò dùn mọ́ mi. Nítorí àwọn obìnrin àdúgbò wa ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wò mí. Àkekèé tó wà nínú ilé Ọ̀pọ̀lọ́, tó ń bu ọbẹ̀ fún ẹni tó fọ́ àbúrò ẹ̀ lójú!

Nello gbọ́. Ó ń pọ́n ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé àjàrà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oko ẹnì kankan ò gbà á síṣẹ́.

Dáhùn kan ṣoṣo: ta lo jẹ́?

Argia


Bẹ́ljíọ̀mù
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá

Màámi,

Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìbínú. Mo bímọ. Obìnrin ni. Ó nírun lórí, ó sì ń pariwo bíi yín.

Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Oreste ṣáájú ìwé yín dé. Ó ní iṣẹ́ lòun wá ṣe. Mo bu ọbẹ̀ fún un, Màámi, mi ò mọ̀! Duilio mọ̀, ó fi pa mọ́ fún mi. Ọjọ́ tí ìwé yín dé, Oreste jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi búrẹ́dì nu àwo. Mo ka ìwé náà lórí ìdúró. Mo ní, "Oreste, ṣé orí eékún ni Nello wà?"

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ ṣáà mọ bí ọjọ́ eré ṣe ń rí."

Mo ní, "Mo ní ṣé orí eékún ló wà?"

Kò wò mí lójú. Mo fa irin tí a fi ń koná jáde nínú ààrò, orí ẹ̀ ti pọ́n, mo sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ lórí tábìlì. Egungun dún. Òórùn ẹran gba ilé. Mo gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì, orí ni mo fojú sùn, kí Duilio tó gbá mi mú látẹ̀yìn. Ó ń pariwo, "Ọmọ inú ẹ! Ivana, ọmọ inú ẹ!" Ọmọ yẹn ló gba Oreste sílẹ̀.

Ọwọ́ náà ti ká kò bí ẹsẹ̀ adìẹ. Kòtò èédú ò gbà á síṣẹ́, kò sì lè padà wálé. Ó ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ilé wa. Ṣé ẹ wá mọ ìdí tí mi ò fi kọ̀wé? Kí ni kí n kọ? Pé mo ti dá a lọ́wọ́, mo sì tún ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ?

Ẹ gbọ́ ti èrùpẹ̀. Ọjọ́ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, màdáámù gbé àpò yín wá láti òkè. Duilio rí i. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni?" Ó fa àpò tiwọn jáde lábẹ́ àpótí. Oreste ló bá a gbé e wá láti ọ̀dọ̀ ìyá wọn! A jà, Màámi, èmi tí omi ti ń dà lára mi. Mo gé e jẹ lápá, eyín mi kan egungun. Mo gba àpò ọ̀hún, mo jù ú gba ojú fèrèsé sínú ẹrẹ̀ èédú. Mo ṣubú. Màdáámù tú àpò yín sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ dé. Duilio dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀, ó ń ké bí màlúù. Mo ní, "Ké dáadáa. Àkekèé ni."

Ìgbà yẹn ni màdáámù fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun ní ohun kan láti sọ. Ó ní nítorí pé ẹ ò jẹ́ kóun rí ilé gogoro Pisa, òun sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó. Ó jókòó sórí koríko lábẹ́ ẹ̀, ó ń jẹun. Àpò ya. Èrùpẹ̀ yín dà nù, atẹ́gùn gbé e lọ. Ojú tì í láti wá lọ́wọ́ òfo. Ó fi ṣíbí gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ńlá tó dojú kọ ilé gogoro yẹn, ó bù ú kún àpò, ó tún un rán. Ó ní, "Ilẹ̀ Toskana kan náà ṣáà ni, àbí?"

Duilio wò mí, mo wò ó. Láti kọ̀rọ̀ ni Oreste ti sọ ọ́ jáde: "Ará Pisa."

Ọmọ mi, Màámi! Ọmọ ọmọ yín! Tí Castelgrifo bá gbọ́, Àkekèé àti Ọ̀pọ̀lọ́ á jọ sọ wá lókùúta, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jọ ṣe nìyẹn. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti búra pé àwọn ò ní sọ.

Ẹ̀yin náà lẹ fà á. Ká ní ẹ jẹ́ kí obìnrin yẹn sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, kò ní dá lọ. Ẹ ní mo pa Bàámi. Ẹ̀yin lẹ sọ ọmọ mi di ará Pisa. Ẹ sọ bá a ṣe máa ṣe é.

Ivana


Castelgrifo
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá

Ivana ọmọ mi,

O kú ewu. Irin tí o fi dá a lọ́wọ́, mo sọ fún Nello. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó jẹun.

Èyí tó kù, mo kà á, mo gbé àwo, mo là á mọ́lẹ̀. Mo gbé òmíràn, mo là á mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwo tán, mo ronú.

Mo lọ sí Pisa. Èmi, Argia! Mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Nello tẹ̀ lé mi, a wọ bọ́ọ̀sì, ó ń kọlu èèyàn ní ìhà òsì. Mo di èrùpẹ̀ ìsun omi wa sínú àpò méjì, mo mú ṣọ́bìrì. Ilé gogoro yẹn ò ní láárí, mo ń retí kó wó lu wọ́n. A rí òkúta ńlá tí o sọ. Ojú ibi tí màdáámù fi ṣíbí gbẹ́ ṣì pá. Nello kúnlẹ̀, ó gbẹ́ ẹ jìn dáadáa. Mo yọ ìborùn yẹn, èyí tí mi ò fọ̀, tí ó ti le gan-an, mo tẹ́ ẹ sísàlẹ̀. A da èrùpẹ̀ wa lé e.

Ọdẹ wọn sáré dé. Ó ní, "Ìyá, kí lẹ̀ ń sin síbí?"

Mo ní, "Ojú ọmọ mi."

Ó ní, "Ẹ̀yin ará òkè, orí yín ò pé." Ó gbá Nello mú lọ́rùn ẹ̀wù, ó ń wọ́ ọ. Orí eékún ni Nello wà! Mo fi ṣọ́bìrì lù ú nídìí etí. Ó ṣubú sórí koríko wọn tí wọ́n ń gẹ̀ bí irun, mo tún un lù. Ọlọ́pàá mẹ́ta ló kó mi. Wọ́n tì mí mọ́lé títí ọ̀gá ẹ̀gbẹ́ Àkekèé fi wá gbà mí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbọ́ pé mo lu ará Pisa, ó ra wáìnì fún mi.

Nítorí náà, gbọ́. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ wa bá wà nínú ilẹ̀, ilẹ̀ wa ni. Kòtò tí wọ́n ti bu èrùpẹ̀ ọmọ yẹn, àdúgbò Àkekèé ni. Má sọ fún mi pé ọmọ ti dáyé kí n tó sin ìborùn yẹn. Ilẹ̀ kì í ka ọjọ́.

Sọ fún Oreste pé ọwọ́ kan kì í ṣe ojú kan. Kó má rò pé a ti ṣe dọ́gba. Nello dákẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Bó bá wu Oreste kó padà wálé, kó gba ẹnubodè wọlé lórí eékún, títí dé ilẹ̀kùn mi. A ò ní fọwọ́ kàn án. Àwa mọ òfin.

Ọkọ ẹ tí o gé jẹ, fi ọtí wẹ ojú egbò fún un. Mo kí i. Ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni.

Gbé ọmọ wá ní ọjọ́ eré. Màá gbé e sókè níbi ìsun omi lójú gbogbo ìlú. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kì í ṣe Àkekèé, kó gbé ṣọ́bìrì, kó lọ hú ìborùn yẹn jáde.

Ìyá ẹ,
Argia